Omi Tí À Ń Wọ́n Sórí Igi

Láti ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ti máa ń mọ ilé tí wọ́n ti mọ iná dá. Mi ò ní wọlé, mi ò ní béèrè ohunkóhun. Òrùlé ilé ìdáná wọn ni mo máa wò. Bí èéfín bá ń jáde lábẹ́ páànù, tó nípọn, tó funfun bí ìkùukùu àárọ̀, mo mọ̀ pé igi tútù ni wọ́n ń jó. Bó bá dúdú, igi ti pọ̀ jù lẹ́nu ààrò, iná kò sì rí afẹ́fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i pé ooru kàn ń gbọ̀n rìrì lókè páànù náà, bó ṣe máa ń gbọ̀n lórí ọ̀dà títì lọ́sàn-án gangan, tí mi ò sì rí èéfín kankan, inú mi á dùn sí ẹni tó wà nídìí ààrò náà, bí mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀rọ̀ náà ti sú àwọn ọmọ mi. Wọ́n á ní, "Màmá, ṣé a ò lè kọjá ilé onílé jẹ́jẹ́ ni?" Wọn ò mọ̀ pé kí n tó mọ ìwé kà dáadáa ni mo ti mọ èéfín kà. Ìkọ̀tún ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dún tí kẹrosíìnì wọ́n, tó ku díẹ̀ kí wọ́n mú àbúrò mi kúrò lọ́dọ̀ wa.

Ilé wa wà lápá ọ̀nà tó lọ sí Ìgàndó, ilé gígùn tí àwọn yàrá rẹ̀ kọjú síra wọn, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan la gbogbo rẹ̀ já láti iwájú dé ẹ̀yìn. Yàrá méjì tó kángun sẹ́yìn ni tiwa. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo máa ń gbọ́ láràárọ̀ ni ìgbálẹ̀ tó ń ha ilẹ̀ oníyanrìn, lẹ́yìn náà korobá tó ń já lu omi inú kànga, lẹ́yìn náà àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, wọn á máa fi ṣọ́bìrì ha kọnkéré, wọn á máa bú ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ohùn Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á wá jáde láti ilé ìdáná: "Àbẹ̀kẹ́! Omi igi dà?" Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Sìdíkátù lorúkọ mi, àmọ́ mi ò rántí ọjọ́ tí Ìyá Àgbà fi orúkọ yẹn pè mí. Omi igi ni omi tí à ń wọ́n sórí igi ìdáná kí a tó fi iná sí i, iṣẹ́ mi sì ni. Màá bu omi sínú agolo mílíìkì, màá máa fi ọwọ́ wọ́n ọn, bí ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ tí kò fẹ́ kí eruku sọ, títí Ìyá Àgbà á fi ní ó tó. Bí mo bá béèrè ìdí rẹ̀, á ní, "Alájẹkì ni igi. Bí o kò bá kọ́kọ́ fún un lómi mu, gbogbo ilé ló máa jẹ." Bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi, ó ní òun wá wẹ ọmọ, kò sì padà mọ́.

Kí ọdún náà tó dé, sítóófù kẹrosíìnì ni màmá mi fi ń dáná. Aránṣọ ni Màmá, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ó sì fẹ́ràn sítóófù nítorí ó lè gbé ìrẹsì kaná kó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Bàbá, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, ló ń tọ́jú sítóófù náà. Lọ́jọ́ Àìkú á tú u palẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, á pààrọ̀ òwú rẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ ṣí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Nígbà tó yá, kẹrosíìnì di ohun tí à ń wá kiri. Àwọn ènìyàn á to kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ láti ilé epo títí dé ìdí igi máńgòrò, wọn á gbé òkúta lé e lórí, wọn á lọ sílé, wọn á padà wá bá kẹ́ẹ̀gì àti òkúta níbi tí wọ́n fi wọ́n sí. Màmá fara dà á. Lọ́jọ́ tí Bàbá gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo wọlé láti Dópẹ́mú ni sùúrù rẹ̀ tán. Ó wo sítóófù náà, ó ní, "Ìwọ náà lọ sinmi," ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ kò bínú rárá. Ó ní òun ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọbẹ̀ tí kò bá gbóòórùn igi, ọbẹ̀ aláìsàn ni.

Igi tí a rí rà ni èèpo gẹdú, ẹ̀gbẹ́ igi tí wọ́n gé sọnù nílé ìlagẹdú, tí àwọn ọlọ́mọlańkẹ́ ń tì kiri. Ó máa ń wúwo lọ́wọ́, oje á ṣì wà lára rẹ̀. Àtíbàbà onípákó tó fara ti ẹ̀yìn ilé ni ilé ìdáná wa, páànù rẹ̀ kò ga, fèrèsé yàrá wa sì ṣí sínú rẹ̀. Òjò ọdún náà kò sì jẹ́ ká lè dáná níta. Bí Ìyá Àgbà bá ti to igi mọ́ ẹnu ààrò, tí mo ti wọ́n omi tán, tó fi ọ̀rá àti ìwé ìròyìn tan iná sí i, èéfín á kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ bí àgbò tó fẹ́ kàn, á wá dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Á gba fèrèsé wọlé, á bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á lọ kí àwọn ayálégbé ní yàrá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá Ṣẹ́gun, ará Ìjẹ̀bú tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, á yọrí pẹ̀lú etí aṣọ ní imú.

"Ẹ kú iná o, Màmá! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹja lẹ ń yan ni, àbí àwa?"

Ìyá Àgbà á fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. "Ẹja máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ń yan án. Ìwọ ò tíì jiná."

Gbogbo wa lè fi èéfín náà ṣẹ̀rín, àfi Wàsíù. Ọmọ ọdún márùn-ún ni àbúrò mi nígbà náà, àwa méjèèjì péré sì ni Màmá bí. Láti kékeré ni àyà rẹ̀ kò ti gba eruku, ṣùgbọ́n ọdún igi yìí ni ọ̀rọ̀ náà le. Bí èéfín bá ti wọ yàrá, á kọ́kọ́ máa wúkọ́ wẹ́wẹ́, bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, àyà rẹ̀ á wá máa súfèé bíi kẹ́tùrù tí omi rẹ̀ fẹ́ hó. Màmá á gbé e jókòó sí ẹnu ọ̀nà iwájú, á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, iṣẹ́ aṣọ á sì dúró. Dókítà tí a gbé e lọ bá ní Ẹgbẹ́dá fún un lóògùn, ó sì sọ fún Màmá pé oògùn kò lè máa bá èéfín jà lójoojúmọ́, kí wọ́n mú ọmọ náà kúrò níbi tí èéfín wà. Màmá dúpẹ́, ó gbé e pọ̀n, a padà sílé. Ìyá Àgbà ti ń dáná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Ìyá Ìbàdàn fi wá kí wa. Òun ni ẹ̀gbọ́n Bàbá, àkọ́bí Ìyá Àgbà. Ó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, ilé rẹ̀ sì ti dákẹ́. Obìnrin tó sanra ni, ó lawọ́, kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbọ́ àyà Wàsíù lẹ́ẹ̀kan, ó ti ìbòrí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ ẹ̀ ní pa ọmọ yìí fún mi. Gáàsì ni mo fi ń dáná nílé mi. Tí wọ́n bá ti gba ọlidé, mo ń bọ̀ wá mú un. Ọ̀dọ̀ mi ló ti máa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé." Ta ló fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn nígbà tó ń sọ òtítọ́? Bàbá ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Màmá kúnlẹ̀, òun náà dúpẹ́. Àmọ́ nígbà tí àlejò ti lọ, mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ dúró láàárín aṣọ, mo sì gbọ́ tí Màmá ń bá Màmá Ṣẹ́gun sọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ tó bá ti lọ gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹni, ṣé ó máa ń padà wá? Wọ́n á ní ó ti mọ́lé. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ kó parí kíláàsì yìí ná. Kí n tó mọ̀, òun gan-an á máa kí mi bí àlejò." Màmá Ṣẹ́gun, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kàn ní Ọlọ́run á ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ iná bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Kànga ló kọ́kọ́ ràn wá lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan okùn rẹ̀ já, korobá sì rì sínú rẹ̀. Ẹni tó máa fi ìwọ̀ yọ ọ́ kò sí nílé, omi tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù wa kò sì ju ti àlùwàlá àti ti oúnjẹ lọ. Nígbà tí mo mú agolo mílíìkì, Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi. "Fi omi yẹn sílẹ̀ jàre. Ṣé igi ló fẹ́ kírun ni?" Ó fa igi tó ti wà lẹ́yìn ààrò látọjọ́ mélòó kan, ó fi iná sí i bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí mi lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí kí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Kò ta mí. Iná náà gbéra pẹ̀lú ìró kan tí mi ò gbọ́ nídìí ààrò wa rí, bí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí okùn. Ọwọ́ iná mọ́ kedere, ó ń lá ìdí ìkòkò. Mo rí ògiri òdìkejì. Mo rí àwọn nǹkan tí mi ò tíì rí níbẹ̀ rí tí iná bá ń jó: orí ìṣó tí wọ́n fi kan pákó, alángbá kan lábẹ́ páànù. Wàsíù fúnra rẹ̀ wá jókòó tì mí, ó ń jẹ àgbàdo sísè, àyà rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀wà tó máa ń pẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ti jiná kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí. Ìyá Àgbà ṣí ìdérí, ó wo inú ìkòkò, ó wo iná, ó ní, "Ta ló fẹ́ iná yìí?" Mo ní kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Ọjọ́ kejì, wọ́n yọ korobá, mo wọ́n omi sórí igi, èéfín sì padà dé. Wàsíù ti ń wúkọ́ nínú yàrá. Mo ní, "Ìyá Àgbà, omi ni."

"Omi wo?"

"Omi tí à ń wọ́n sórí igi. Lánàá a ò wọ́n ọn, èéfín ò sì sí."

Mo rò pé á gbá mi létí, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń sọ fún àgbà nídìí ààrò. Dípò bẹ́ẹ̀, ó mú igi méjì lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó fi wọ́n lu ara wọn. Wọ́n ró bù, bí ẹni fi ọwọ́ gbá ìrọ̀rí. Ó mú méjì mìíràn lẹ́yìn ààrò, ó tún fi wọ́n lu ara wọn. Ìyẹn ró kó, ohùn rẹ̀ sì lọ dé ìdí kànga. Ó tún un ṣe. Ó wá jókòó.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní. "Nílé wa, igi àyìn ni à ń jó. Ọyẹ́ á fẹ́ ẹ, oòrùn á pa á, á gbẹ títí á fi máa dún bí irin. Bí o bá fi iná sí i bẹ́ẹ̀, á ti jó tán kí omi tó hó. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi ń wọ́n omi sí i, kó lè rọra jó. Igi tibí yìí ti mumi yó kó tó kúrò nínú igbó. Èmi náà tún wá ń bu omi fún un." Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Subuhánálàhì! Ọ̀mùtí ni mo ń bu ẹmu fún látọjọ́ yìí!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn lè jẹ́ iṣẹ́ èéfín.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Àṣà tí ó mú wá kò burú níbi tó ti ṣẹ̀. Àwọn obìnrin tó mọ igi wọn dunjú ló dá a. Àwa la gbé e rin ìrìn àjò lọ síbi tí igi rẹ̀ kò sí, a sì ń ṣe é lọ nítorí ìyá wa ṣe é. Ohun tó wú mi lórí lára Ìyá Àgbà ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ju gbígbá igi lu igi lẹ́ẹ̀mejì lọ fún un. Ó gbọ́, ó sì gbà.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi àti òun di ẹgbẹ́ kan. A dẹ́kun kíkó igi jọ sílẹ̀. A tò ó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ etí òrùlé, ìpele kan ní òòró, èkejì ní ìbú, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Bàbá fi pákó kan àjà sókè ààrò, a ń to igi ọ̀la sórí rẹ̀ kí ooru oúnjẹ òní lè gbẹ ẹ́. Ó tún fi àáké la àwọn tó nípọn títí wọn ò fi ju ọrùn ọwọ́ mi lọ, nítorí igi tó tínrín máa ń gbiná ní gbogbo ara, èyí tó nípọn á jó níta, á sì máa rú èéfín nínú. Èéfín dín kù gan-an. Àmọ́ kò tán. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná, tàbí tí eérú bá pọ̀, Wàsíù ṣì ń wúkọ́, ọlidé sì ti ń sún mọ́lé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, Bàbá gbé sítóófù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó má baà dípẹtà. Mo bi í ohun tí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà fún. "Ibẹ̀ ni iná ti ń mí," ó ní láìgbójú sókè. "Tí wọ́n bá dí, èéfín lo máa rí." Mo sáré lọ wo ààrò wa. Igi dùbúlẹ̀ lórí eérú, eérú dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo padà wá bá a. "Bàbá, ààrò tiwa ò nímú." Ó gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó bá mi lọ síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Lẹ́yìn náà ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà, ó tọrọ àjákù irin ìkọ́lé lọ́wọ́ wọn, ó tẹ́ wọn sórí búlọ́ọ̀kù kéékèèké láàárín òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, débi pé igi ga sókè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ìyá Àgbà gbà gbogbo rẹ̀, àfi pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí òkúta nípò. "Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹ má fi ọgbọ́n yín sọ ọ́ di méjì." Òun fúnra rẹ̀ ló po amọ̀ mọ́ eérú àti koríko gígé, ó fi mọ ògiri kékeré yí àwọn òkúta náà ká, ó fi ẹnu sílẹ̀ níwájú fún igi. Ibi tí a ti pẹ́ jù ni àlàfo tó wà láàárín ògiri àti ìkòkò. Bó bá fẹ̀ jù, ọwọ́ iná á sá jáde láìfọwọ́ kan ìkòkò. Bó bá há jù, èéfín á padà gba ẹnu ààrò jáde. A mọ ọ́n, a wó o, a tún un mọ. Ìbú ìka ọwọ́ mi kan àti díẹ̀ ni a dúró lé. Lọ́jọ́ tí amọ̀ gbẹ, ẹ̀rín ni Ìyá Àgbà fi dáná. Ní ìrọ̀lẹ́, Màmá Ṣẹ́gun kan ilẹ̀kùn.

"Màmá, ṣé kò sí o? Mi ò rí èéfín yín látàárọ̀."

"Ó ti gba Ìjẹ̀bú lọ. Ó ní kí n kí ẹ."

Mo ti kọ́ àwọn ènìyàn púpọ̀ bí a ṣe ń dáná láti ìgbà náà, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà: èéfín jẹ́ igi tí kò rí ọ̀nà jó tán. Oúnjẹ iná ni, ó ń fò lọ. Ẹni tó bá ń rí èéfín, igi rẹ̀ ló ń rí lójú sánmà. Nítorí náà, orí igi nìkan ni kó máa jó, kí a máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jó, ká má kì í bọ ààrò lẹ́nu bí ìgbà tí à ń di àpò. Kí a máa kó eérú lábẹ́ irin kó tó dí ọ̀nà. Kí ìkòkò ní ìdérí. Bí eérú bá funfun, tó fúyẹ́ lọ́wọ́, iná náà jẹun tán. Bí èédú dúdú bá pọ̀ nínú rẹ̀, ebi ń pa á. Kí a má jó pákó tí wọ́n kun lọ́dà, kí a má sì ti fèrèsé pa nítorí pé ojú kò rí èéfín, nítorí kì í ṣe gbogbo ohun tí iná ń mí jáde ni ojú lè rí. Mo lè sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ nígbà náà, mi ò ní àlàyé kankan. Ọ̀nà ọ̀fun àbúrò mi ni mo fi ń wọn iná.

Ọjọ́ tí Ìyá Ìbàdàn padà wá, òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀. Bàbá ti fẹ́ sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ọ̀rọ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà dá a lọ́wọ́ kọ́ kó tó débẹ̀. Ó ní bí ẹ bá sọ fún un, á rò pé ẹ kò fẹ́ fún un lọ́mọ mọ́ ni; ohun tí ojú máa rí, kí ẹnu má sáré sọ ọ́. Nítorí náà gbogbo nǹkan wà bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀. Màmá ti lọ aṣọ Wàsíù, ó ti kó o sínú báàgì, ó rán ṣòkòtò tuntun fún un. Ìyá Ìbàdàn mú bàtà sàńdà tuntun wá fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí sí ilé ìdáná, Wàsíù sì ń fi sàńdà náà rìn lọ rìn bọ̀ níwájú rẹ̀. Èmi wà nídìí ààrò. Igi tó wà lórí àjà nìkan ló gbẹ lọ́jọ́ náà, èyí tó wà lábẹ́ etí òrùlé ti rin. Mo ń fún iná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń ka èyí tó kù pẹ̀lú ojú. Nígbà tí ẹ̀wà ń hó, mo ṣi igi rírin kan mú. Kó tó wọlé tán ni èéfín ti yọ lórí rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, funfun, ó kọjú sí fèrèsé. Mo fà á jáde, mo gbé e sínú òjò, mo sì di èémí mi mú. Kò sẹ́ni tó wúkọ́.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbàdàn. "Ìyàwó."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Àárọ̀ kùtù ni mo ti kúrò n'Íbàdàn o. Ṣé ẹ ń gbààwẹ̀ nílé yìí ni? Ọ̀sán ti pọ́n, ẹ ò tíì dáná."

"Iná ti wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀wà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jiná."

"Ẹ̀wà wo? Èéfín rẹ̀ dà?" Orí rẹ̀ yọ lójú fèrèsé, ó rí mi. "Sìdí, ẹ ti ra gáàsì ni?"

"Igi ni, Mà."

"Igi kẹ̀!" Ó fi ọ̀rá borí, ó gba inú òjò yí ká wá. Ó bẹ̀rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó wo abẹ́ irin, ó wo iná tó ń jó nímọ́nímọ́, ó fi ìka kan kan ògiri amọ̀, ó yára fà á padà. Ó wo ìyá rẹ̀. "Ìyá, kí lẹ ṣe síná?"

"Mo ní kí wọ́n má fún un lómi mu mọ́," Ìyá Àgbà dáhùn, ó sì ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Ìyá Ìbàdàn kò lọ lọ́jọ́ náà, kò lọ lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tí kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu ni. Gbogbo ìgbà tí a bá dáná, á pe Wàsíù, á fi etí lé e láyà bíi dókítà, á ní kó máa ṣeré lọ. Màmá ń ránṣọ, mo sì rí i pé ibì kan náà ló ń rán tó ń tú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun, Ìyá Ìbàdàn pe gbogbo wa. Ó ti di báàgì rẹ̀, òun nìkan. "Ohun tí mo torí rẹ̀ fẹ́ mú ọmọ lọ ti kúrò nílẹ̀," ó ní. "Ọmọ tí ara rẹ̀ yá, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Àmọ́ bí mo bá tún gbọ́ pé àyà rẹ̀ ń súfèé, mi ò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan." Màmá kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ìyá Ìbàdàn gbá a léjìká. "Dìde jàre. Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?"

Ẹnì kan péré ni kò bá wa yọ̀. Wàsíù jókòó sórí báàgì tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ṣòkòtò tuntun, ó wọ sàńdà. Ó wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ta ló ní mi ò lọ mọ́? Mo ti sọ fún Ṣẹ́gun pé mò ń lọ sí Ìbàdàn! Mo ti fún un ní bọ́ọ̀lù mi!" Ló bá la ẹnu. Mi ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ó ké, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó ń fi sàńdà tuntun ta ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Àwọn bíríkìlà dá ṣọ́bìrì dúró, Màmá Ṣẹ́gun ṣílẹ̀kùn. Bàbá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó gbé e, kó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyá Àgbà na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbọ́ bí igbe yẹn ṣe gùn tó. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa èémí padà. Ṣé ọmọ tí àyà ń dùn ló ń sunkún báyìí?"

A dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa, Ìyá Ìbàdàn pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, Màmá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lẹ́nu, a tẹ́tí sí i. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò wúkọ́ rárá.